Ìwádìí lórí ètò ìkọ́ṣẹ́ ìjọba: ẹ tò ó kí wọ́n tó pín máṣìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ẹ̀ka ètò àti ìṣirò ní mínísírì, ẹ̀yin ọ́físà ètò ní káńsù, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Yunifásítì Ìlọrin tàbí ní MINILS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni nípa ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Ìlọrin, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́dọọdún la máa ń gbọ́ pé ìjọba ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, ì báà jẹ́ ti àpapọ̀, ì báà jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ì báà jẹ́ sẹ́nétọ̀ ló fowó iṣẹ́ àgbègbè rẹ̀ ṣe é, wọ́n á kọ́ wọn ní télọ̀, ìdìrí, wẹ́dà, títún fóònù ṣe, ọṣẹ ṣíṣe, sólà, lọ́jọ́ tó bá parí wọ́n á pín máṣìn, wọ́n á ya fọ́tò, ripọ́ọ̀tù á jáde pé èèyàn báyìí báyìí la kọ́. Ẹ wá béèrè lẹ́yìn ọdún kan pé mélòó nínú wọn ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ ọ̀hún, kò sẹ́ni tó lè dá yín lóhùn. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ dáhùn o, wọn ò ní ohun tí wọ́n máa fi dáhùn ni, torí wọn ò to ìwádìí náà nígbà tó yẹ. Ìgbà tó yẹ ni kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, àní kí fọ́ọ̀mù tó jáde rárá. Tí wọ́n bá ti yan èèyàn tán, tí wọ́n ti pín máṣìn, ọ̀pọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ ti bọ́ nìyẹn, kò sí owó tó máa dá a padà.

Torí náà ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni kí n sọ bí mo ṣe máa ń tò ó, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí èsì ti máa dé iwájú ẹni tó ní bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́.

Ta ló fẹ́ mọ̀, kí ló sì fẹ́ fi ṣe?

Ẹ má kọ ìbéèrè kankan sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ bá ẹni tó máa lo èsì náà. Ó lè jẹ́ Kọmíṣọ́nnà, ó lè jẹ́ PS, ìyẹn akọ̀wé àgbà mínísírì, ó lè jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí bọ́jẹ́ẹ̀tì nílé aṣòfin. Ẹ bi í pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìpinnu wo lẹ fẹ́ ṣe tí èsì yìí máa wúlò fún? Tó bá ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ètò náà dáa, ẹ má tíì dìde. Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá oṣù mẹ́ta tó àbí ká máa kọ́ wọn fún oṣù mẹ́fà? Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ká kó wọn jọ sí sẹ́ńtà kan, irú IVTEC, iléèwé ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní Àjàṣẹ́-Ìpo, àbí ká máa sanwó fáwọn ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n gba ọmọ iṣẹ́, bí NDE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìríṣẹ́ṣe, ṣe ti ń ṣe é látọjọ́ tó ti pẹ́ (ọdún 1986 ni wọ́n dá NDE sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná)? Ṣé máṣìn la máa fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí àbí owó? Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ìwádìí tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwádìí kan dáhùn gbogbo ẹ̀, owó á tán, kò sì ní rí ìkankan mú.

Ẹ mú ìbéèrè kan, ó pọ̀ jù méjì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn tí ìyá yín tó ń tajà ní Ọjà-Ọba máa gbọ́ yé. Kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sí abẹ́ ẹ̀ pé: tí èsì bá jẹ́ báyìí, ohun tá a máa ṣe nìyí, tó bá jẹ́ bákan, ohun tá a máa ṣe nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ohun kan náà lẹ máa ṣe bó bá jẹ́ báyìí àbí bọ́hùn-ún, a jẹ́ pé ìbéèrè yẹn ò tọ́ sówó ìjọba, ẹ wá òmíràn.

Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà. Oṣù January ni ọdún bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ mínísírì ti máa ń to tiwọn tipẹ́ kó tó dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lápá ìparí ọdún. Èsì tó bá jáde ní December, kò sẹ́ni tó máa rí i lò lọ́dún yẹn. Ẹ ti ẹ̀yìn kà á wá síwájú: oṣù wo ni wọ́n fẹ́ gbé ìpinnu, oṣù wo ni èsì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, oṣù wo la máa padà lọ bá àwọn tó kọ́ṣẹ́, oṣù wo ni ìkọ́ṣẹ́ máa parí, oṣù wo ló máa bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa tó mọ ọjọ́ tó yẹ kí fọ́ọ̀mù jáde. Ó sábà máa ń ju ọdún méjì lọ. Ẹ tètè sọ fún ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kó má bàa máa retí èsì lóṣù mẹ́ta.

Ohun táwọn ẹlòmíì ti rí

Ẹ ka ohun tó ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó. Ní Nàìjíríà wa níbí, ètò YouWiN! tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó lé díẹ̀ ní 1,200 èèyàn tó gba owó, nínú nǹkan bí 24,000 tó kọ fọ́ọ̀mù. Apá kan nínú wọn, bálọ́ọ̀tì (ìyẹn ká mú orúkọ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, bíi ká ṣẹ́ kèké) ni wọ́n fi mú wọn láàárín àwọn tó ti yege débi kan. Torí bálọ́ọ̀tì yẹn ni David McKenzie ti Báǹkì Àgbáyé ṣe lè fi àwọn tó gbowó wé àwọn tí kò gbà, tó sì rí i lẹ́yìn ọdún mẹ́ta pé iṣẹ́ àwọn tó gbowó ṣì dúró ju tàwọn yòókù lọ, wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ sí i. Owó ńlá ni wọ́n fún wọn o, nǹkan bí 50,000 dọ́là fún ẹnì kan lápapọ̀. Kì í ṣe irú ẹmpáwámẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń pín ẹ̀rọ ìlọta kan fún èèyàn kan, kẹ́nikẹ́ni má mú èsì yẹn wá gbe èyí lẹ́sẹ̀.

McKenzie yìí kan náà tún kó èsì ìwádìí lórí ìkọ́ṣẹ́ jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè tí ò tíì lówó púpọ̀, ó sì gbé e jáde ní 2017. Ohun tó rí ni pé nínú 100 èèyàn tí wọ́n fún láàyè láti kọ́ṣẹ́, kò tó mẹ́ta tó ríṣẹ́ tí kì bá má rí láìsí ìkọ́ṣẹ́ yẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lórí èyí díẹ̀. Kò sọ pé àwọn mẹ́ta péré ló ríṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ló ríṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ni ì bá ríṣẹ́ bó ti wù kó rí. Ẹni tó bá kàn ka iye tó ríṣẹ́ láàárín àwọn tó kọ́ ọ, á gbé ripọ́ọ̀tù alárinrin jáde, kò sì ní mọ nǹkan kan.

Àwọn kan rí èrè tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ní Kòlóńbíà, wọ́n ṣe bálọ́ọ̀tì fún àwọn ọ̀dọ́ ní 2005, owó tó ń wọlé fáwọn obìnrin tó kọ́ṣẹ́ lé sí i ní nǹkan bíi 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Uganda, wọ́n fi àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ wé àwọn tó kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Owó àwọn méjèèjì lọ sókè, ṣùgbọ́n tàwọn tó kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ló pẹ́ jù, torí wọ́n ní satifíkéètì tí ọ̀gá míì lè rí kó gbà wọ́n. Èyí kàn wá gan-an níbi tá a ti ń ṣe frídọ́ọ̀mù. Ọmọ tó kọ́ wẹ́dà fún ọdún mẹ́ta ní Ọ̀ffà tó sì ṣe frídọ́ọ̀mù, gbogbo àdúgbò ẹ̀ ló mọ̀ pé ó mọṣẹ́. Ó dé Abuja, ta ló mọ̀ ọ́n? Ìbéèrè tó yẹ kí ìpínlẹ̀ Kwara béèrè nìyẹn, pàápàá nísinsìnyí tí NBTE, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti ní ètò tí wọ́n fi lè dán ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wò kí wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ má ṣe bi wọ́n pé "ṣé o níṣẹ́?"

Bóyá ibí yìí ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù. Ní ìparí 2020, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, ní àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ jẹ́ 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wọ́n ní ó jẹ́ 4.1. Iṣẹ́ ò kàn bọ́ láti ọ̀run o, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tí ò níṣẹ́, nísinsìnyí ẹni tó bá ti fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó lọ́sẹ̀ yẹn ti di oníṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń kà á káàkiri ayé nìyẹn. Nínú ìkà tuntun yìí, ó ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ aládàáni kéékèèké tí ò ní ìwé kankan ni wọ́n ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá wá fi "ó níṣẹ́" ṣe òṣùwọ̀n ètò yín, gbogbo èèyàn á níṣẹ́, ẹni tó kọ́ṣẹ́ àtẹni tí ò kọ́ ọ, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Kẹ́ ẹ sì wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ ń bi. Ẹ dé ẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Ìdí-Àpẹ, ìyàwó ilé kan jókòó ti máṣìn, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń lọ lórí ìtẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé méjì ló wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, òmíràn tó ti parí wà lára ìlẹ̀kùn. Ẹ bi í pé ṣé ẹ níṣẹ́, á ní, "Rárá o, mo kàn wà nílé ni." Irọ́ kọ́ ló ń pa. Lójú tiẹ̀, iṣẹ́ ni èyí téèyàn ń jáde lọ ṣe tí wọ́n ń sanwó oṣù. Ohun tẹ́ ẹ máa bi í ni pé, láti Mọ́ńdè tó kọjá dé òní, aṣọ mélòó lẹ rán? Èyí wo ni wọ́n ti sanwó ẹ̀, èyí wo ni wọ́n jẹ yín? Ta ló ra òwú àti bọ́tìnì? Ṣé tiyín ni máṣìn yìí àbí ẹ̀ ń yá a? Nígbà tí iná ò sí, kí lẹ fi lọ aṣọ, èló lẹ ra èédú? Ẹ yọ ìnáwó kúrò nínú owó tó wọlé, kẹ́ ẹ tó kọ èrè sílẹ̀. Ó máa ń gba àkókò o, ìdajì wákàtí lè lọ sórí ẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà tó máa jáde níbẹ̀ lẹ lè gbé síwájú gómìnà láìṣiyèméjì.

Ẹ kíyè sí àkókò náà. Télọ̀ tẹ́ ẹ bá bẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì kí Iléyá tó dé, owó ẹ̀ á pọ̀ débi tẹ́ ẹ máa rò pé ètò náà ti sọ ọ́ dolówó, tẹ́ ẹ bá sì padà wá lóṣù kan lẹ́yìn ọdún, ẹ lè bá a tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìn. Olóúnjẹ náà, nínú ààwẹ̀ ní Ìlọrin, ta ló ń jẹun lọ́sàn-án? Torí náà ọ̀sẹ̀ kan náà ni kẹ́ ẹ fi bẹ àwọn tó kọ́ṣẹ́ àtàwọn tí ẹ fẹ́ fi wé wọn wò, kẹ́ ẹ má bẹ ìkan wò lásìkò ọdún kẹ́ ẹ wá bẹ ìkejì wò lẹ́yìn ọdún.

Àwọn wo lẹ máa fi wé wọn?

Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fatiláísà ṣiṣẹ́, á fi ebè díẹ̀ sílẹ̀ láìbù ú sí i. Ohun tí ètò ìkọ́ṣẹ́ wa sábà máa ń ṣe aláìní nìyẹn. Wọ́n máa ń fi ẹni náà wé ara ẹ̀, bó ṣe rí kó tó wọlé àti bó ṣe rí nígbà tó jáde. Ibẹ̀ ni ìtànjẹ wà. Orley Ashenfelter, ará Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ti fi hàn láti 1978 pé owó àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìkọ́ṣẹ́ sábà máa ń já wálẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀. Ó sì yé èèyàn. Ìgbà wo lèèyàn máa ń wá fọ́ọ̀mù ìjọba? Ìgbà tí ilé iṣẹ́ píọ́ wọ́tà tó ń ṣe bá kógbá wọlé, ìgbà tí wọ́n bá wó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ìgbà tí ọkọ bá ṣàìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bẹ́nikẹ́ni ò tiẹ̀ kọ́ wọn ní nǹkan kan, ọdún kan síi wọ́n á ti rí nǹkan dì mú. Tẹ́ ẹ bá wá fi òní wé ọjọ́ tí nǹkan le jù fún un, gbogbo ètò ló máa dà bíi pé ó ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà tó mọ́ jù ni bálọ́ọ̀tì, ó sì rọrùn níbi tí àwọn tó fẹ́ bá pọ̀ ju àyè lọ, ìyẹn sì ni pé níbi gbogbo ní Kwara. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá yẹ kọ fọ́ọ̀mù. Ẹ bi gbogbo wọn ní ìbéèrè àkọ́kọ́, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó máa wọlé, torí ẹni tó bá ti mọ̀ pé òun ò wọlé kì í fẹ́ dáhùn mọ́. Kẹ́ ẹ wá mú ìwé ní gbangba. Gbọ̀ngàn káńsù dáa fún un, kí àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, kí alfa kan àti pásítọ̀ kan jókòó síwájú, kí wọ́n ka nọ́ńbà sókè bó ṣe ń jáde, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ ya káńsù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ ya obìnrin àti ọkùnrin sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó mú un, kó má lọ di pé Ìlọrin ló gba gbogbo ẹ̀ tí Ìsin àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ò rí ẹyọ kan. Lójú tèmi, ìyẹn tiẹ̀ tún dáa fún àwọn èèyàn ju bá a ṣe ń yàn wọ́n lọ, torí ẹni tí ò mọ ẹnikẹ́ni náà ní àǹfààní tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sílọ́ọ̀tì ńkọ́? Ó wà, ó sì máa wà. Àwọn aláṣẹ á ní kí wọ́n fi ọmọ táwọn mú wá sí i. Ẹ má fi bá wọn jà débi tí ìwádìí á fi dàrú. Ẹ jókòó sọ ọ́ kí fọ́ọ̀mù tó jáde, pé àyè báyìí ló wà fún sílọ́ọ̀tì, àwọn yẹn á wọlé tààrà, wọ́n á kọ́ṣẹ́, wọ́n á gba máṣìn, ṣùgbọ́n a ò ní kà wọ́n mọ́ ìwádìí. Àyè tó ṣẹ́kù, bálọ́ọ̀tì nìkan. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí PS buwọ́ lù ú. Ohun tó ń ba ìwádìí jẹ́ ni kí wọ́n máa yọ́ orúkọ paarọ̀ lẹ́yìn bálọ́ọ̀tì láìsọ fún yín.

Tí bálọ́ọ̀tì ò bá ṣeé ṣe rárá, ẹ wò ó bóyá ẹ lè pín in sí ìpele, káwọn kan kọ́ ọ lọ́dún yìí, káwọn kan dúró de ọdún tó ń bọ̀, àwọn tó ń dúró lẹ máa fi wé wọn. Tó bá jẹ́ máàkì ìdánwò ni wọ́n fi ń yan èèyàn, ẹ fi àwọn tó kàn wọlé díẹ̀ wé àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé. Ẹ má kàn lọ wá ẹnikẹ́ni ládùúgbò tó jọ wọ́n kẹ́ ẹ ní ẹ ti rí ẹni tẹ́ ẹ máa fi wé wọn. Robert LaLonde, tóun náà jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ti dán èyí wò ní Amẹ́ríkà ní 1986, ó mú ètò tí wọ́n fi bálọ́ọ̀tì ṣe, ó wá fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tún un ṣírò, èsì tó ń jáde jìnnà sí òótọ́ gan-an.

Ẹ tún rántí àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nílùú tí ò tóbi, bí Òrò tàbí Ìgbàjà, tí ọ̀pọ̀ onídìrí tuntun bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, orí àwọn obìnrin ìlú ò ní pọ̀ sí i torí ẹ̀. Oníbàárà táwọn tuntun bá rí, ó lè jẹ́ ti ẹlòmíì ni wọ́n gbà. Ẹ bẹ àwọn ọ̀gá tó wà lágbègbè náà wò, kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n wò níbi tí ètò ti dé àti níbi tí kò tíì dé, kẹ́ ẹ bi wọ́n bí ọjà wọn ṣe rí.

Èèyàn mélòó?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé nínú àwọn tí ò kọ́ṣẹ́, ìdajì ló ń rí owó tó tó iye kan lóṣù, ẹ sì rò pé ìkọ́ṣẹ́ máa gbé e dé 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Kẹ́ ẹ tó lè rí ìyàtọ̀ yẹn dájú, ẹ nílò nǹkan bí 390 èèyàn tó kọ́ṣẹ́ àti 390 tí ò kọ́ ọ. Tó bá jẹ́ 55 lẹ rò pé ó máa dé, ó di nǹkan bí 1,560 lọ́tùn-ún lósì. Ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ ń wá bá fi ìdajì kéré sí i, iye èèyàn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ètò kékeré tó kọ́ 60 èèyàn, ẹ má fowó ṣe irú ìwádìí yìí lórí ẹ̀. Ẹ lè jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ń dí wọn lọ́wọ́, ìyẹn náà wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ sọ pé ẹ ti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́.

Ẹ tún fi àlékún sí i fáwọn tẹ́ ẹ ò ní rí mọ́. Àwọn ọmọ gúúsù Kwara ń lọ sí Èkó, Ìbàdàn àti Abuja, lọ́pọ̀ ìgbà àwọn tó mọṣẹ́ jù ló ń kọ́kọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá pàdánù wọn, àwọn tó ṣẹ́kù nílé nìkan ni èsì yín á máa sọ̀rọ̀ wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ gba nọ́ńbà fóònù tiẹ̀, ti ìyá ẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n kan tí kì í kúrò nílé, àti ti ọ̀gá ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ agboolé sílẹ̀, ìyẹn ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà ilé lọ, ẹ dé Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán kẹ́ ẹ dárúkọ agboolé, ọmọdé gan-an á mú yín débẹ̀. Ẹ máa pè wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kẹ́ ẹ kàn kí wọn, kẹ́ ẹ fún wọn ní káàdì fóònù díẹ̀.

Àwọn tó máa lọ bi wọ́n

Káńsù 16 ló wà ní Kwara, èdè wọn ò sì dọ́gba. Ní gúúsù àti ní Ìlọrin, Yorùbá á gbé yín dé ibi tó pọ̀, ṣùgbọ́n Ẹdu àti Pátígi, Nupe ni, Barutẹn, Bàrùbá ni. Ẹ má rán ọmọ tí ò gbọ́ èdè wọn lọ kó máa wá ẹni tó máa túmọ̀ fún un lójú pópó. Ẹ tẹ ìbéèrè náà jáde ní èdè kọ̀ọ̀kan ṣáájú, kí ẹlòmíì tí ò rí ti òyìnbó túmọ̀ ẹ̀ padà sí òyìnbó, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ohun kan náà ló ń sọ. Láàárín ìgboro Ìlọrin, àwọn ẹlẹ́hàá wà, àwọn kan nínú wọn ń ránṣọ tàbí ń ṣe ìpápánu tà láti inú ilé. Obìnrin ló lè wọlé tọ̀ wọ́n, tẹ́ ẹ bá rán ọkùnrin nìkan, ẹ ti gé wọn kúrò nínú ìwádìí láìmọ̀. Kẹ́ ẹ sì kí mọ́gàjí tàbí baálẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú lẹ́tà dání.

Ẹ sọ òótọ́ fáwọn èèyàn. Ẹ sọ fún wọn pé ìwádìí ni, pé wọ́n lè ní àwọn ò dáhùn, pé dídáhùn tàbí àìdáhùn ò ní mú kí wọ́n yọ orúkọ wọn tàbí kí wọ́n fi wọ́n kún ètò míì. Ẹ gba àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí, yunifásítì ní irú ẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo dátà ti wà láti 2023, torí náà ẹ má jẹ́ kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni wà nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú owó tó ń wọlé fún un, ká má tiẹ̀ sọ pé wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp òfíìsì. Torí tí òṣèlú bá rí i gbà, ó ti di ìwé ìbò nìyẹn.

Kó má jẹ́ àwọn tó ṣe ètò náà ló máa yẹ ara wọn wò. MINILS wà nílùú wa níbí, iṣẹ́ wọn ni ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, Unilorin wà, NISER, iléeṣẹ́ ìwádìí ọrọ̀ ajé ìjọba àpapọ̀, wà ní Ìbàdàn, tó bá jẹ́ iṣẹ́ oko ni, ARMTI, iléeṣẹ́ tó ń kọ́ni nípa àbójútó iṣẹ́ oko, ò jìnnà, ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo ni. Ẹ fún wọn níṣẹ́ náà pẹ̀lú ìwé àdéhùn tó ní i pé èsì máa jáde bó bá dùn bó bá korò.

Owó àti ripọ́ọ̀tù

Ibi tí ìwádìí ti sábà máa ń kú ni ìbẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n á fowó sílẹ̀ fún ìbéèrè àkọ́kọ́, wọ́n á ra tábúlẹ́ẹ̀tì, ìgbà tó bá tó àkókò láti padà lọ, Kọmíṣọ́nnà ti yí padà, owó ti lọ síbòmíì. Ẹ kọ owó ìbẹ̀wò oṣù kẹfà àti ti oṣù kejìdínlógún sínú àdéhùn látìbẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè rí ọdún kẹta, ẹ ṣe é, torí ìkọ́ṣẹ́ kì í so èso lọ́sẹ̀ tó parí, àwọn míì tún ń pàdánù owó nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ẹ tún kọ iye tí ètò náà ná sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, owó olùkọ́, díísù jẹnẹrétọ̀, máṣìn, ọkọ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o, kẹ́ ẹ pín in sórí iye èèyàn. Èrè tó wọlé fún ẹnì kan láìsí iye tí ìjọba ná lórí ẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

Kẹ́ ẹ tó rí dátà kankan, ẹ ya tébù tó máa wà nínú ripọ́ọ̀tù, ẹ fi àyè nọ́ńbà sílẹ̀ lófìfo, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Kó wò ó kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tí nọ́ńbà bá kún ibí yìí mo máa mọ ohun tí mo máa ṣe. Èyí ló ń dáàbò bo ẹ̀yin náà lọ́jọ́ tí èsì ò bá dùn, torí wọn ò lè ní kẹ́ ẹ lọ wá nọ́ńbà míì tó máa mú ètò náà dára.

Èsì tí ò dùn náà níyì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi bálọ́ọ̀tì yẹ ètò kan tí wọ́n ń pè ní JTPA wò láti 1987 dé 1989, nǹkan bí 20,000 èèyàn ní ibi 16. Àwọn àgbàlagbà jèrè díẹ̀, àwọn obìnrin pàápàá, àwọn ọ̀dọ́ ò rí nǹkan tó ṣeé fojú rí. Ilé aṣòfin wọn gé owó ti àwọn ọ̀dọ́ kù lọ́pọ̀lọpọ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló ń ba àwọn èèyàn mínísírì wa lẹ́rù. Àmọ́ ẹ ronú kan àwọn ọmọ tí ètò tí ò ṣiṣẹ́ ń gba oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè ti fi kọ́ṣẹ́ gidi lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹ kọ ripọ́ọ̀tù ojú ìwé mẹ́rin fún àwọn aláṣẹ, èyí tó gùn wà lẹ́yìn fún ẹni tó bá fẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ èsì náà ní Yorùbá lórí rédíò, àwọn tó dáhùn ìbéèrè yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ọ.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń to mẹ́mò fún bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀, tí èsì bá fi hàn pé iṣẹ́ náà wúlò, ẹ mú orúkọ gbogbo àwọn tí bálọ́ọ̀tì ò mú, àwọn tí ẹ lọ bá lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tó dáhùn àtẹni tí ò dáhùn. Àwọn ni kó kọ́kọ́ wọlé ní ìpele kejì. Kí orúkọ wọn lọ tààrà sí ẹ̀ka tó ń yan èèyàn, nínú àpò ìwé tẹ́ ẹ dí pa, láìsí ìdáhùn wọn níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ iye wọn àti káńsù wọn sínú mẹ́mò kí ẹni tó máa buwọ́ lù ú rí i.